Owó Wúrà Tó Fẹ́ Sọ Màmá Wa Di Òkú

Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi jù mí lọ. Lójú ènìyàn, "ẹ" ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn bá ti tì tí ó ku àwa méjèèjì, "ìwọ" ni. Mo tètè sọ èyí kí ẹ má baà ní n kò ní ẹ̀kọ́ ilé bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń dárúkọ ìwà rẹ̀ níbí. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa, a sì jọ ń gbé yàrá méjì ní Hor Al Anz, ní Dubai, láàárín àwọn ọdún náíńtíìsì. Èmi ń ra bàtà ọmọdé ní Deira, mo ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Òun ń wá fìríìjì àlòkù kiri bí ẹni ń wá ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ nígbà náà tí kò jẹ́ kí ó sùn dáadáa: màmá wa kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Nígbà tí bàbá wa kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi gbé òkú wọn sí mọ́ṣúárì tí à ń dúró de àkọ́bí wọn. Èmi ṣì wà nílé, n kò tíì mọ ọ̀nà Dubai. Ó ní páásípọ́ọ̀tù òun wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún visa òun ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù náà jáde nígbà tí ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì wà, ẹ̀gbọ́n mi kò wá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní bí òun kò bá rí sàréè, yóò máa dà bí ẹni pé bàbá ṣì jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń yí rédíò. Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó ń dá fìríìjì onílẹ̀kùn méjì rù sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹrin ló ń sá fún òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Mo bínú sí i nígbà náà, inú mi kò sì tíì rọ̀ tán títí di ìgbà tí mò ń sọ yìí.

Màmá ní tiwọn kò bínú pẹ̀lú ariwo. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Bí ó bá tẹ̀ wọ́n láago sílé aládùúgbò, wọ́n á ní kí aládùúgbò bá àwọn sọ fún un pé àwọn ti gbọ́. Bí ó bá fi owó ránṣẹ́, wọ́n á kọ lẹ́tà sí mi pé kí n kí ẹni tó fi owó ránṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé èmi ni àwọn ń bọ̀ wá kí. Ta ló ṣe visa? Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ̀gbọ́n mi. Màmá mọ̀, èmi náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n a jọ gbà pé èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, bí màmá kò bá bá òun sọ̀rọ̀, òun á mọ̀ pé ó ti parí láyé nìyẹn.

Ní nǹkan bí oṣù kan sí ìgbà tí wọ́n máa dé ló pàdé ọba Róòmù.

Ó lọ wo fìríìjì kan ní Al Majaz, ní Sharjah, nílé bàbá arúgbó ará Lẹ́bánónì kan tó ti fi ìgbà kan jẹ́ olùkọ́ ìtàn. Bàbá náà ń ta ẹrù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí kan wà tí kò tà, inú rẹ̀ ló kó owó àtijọ́ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀ bí ẹyin. Tíì ni ó kọ́kọ́ gbé fún ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn náà ó gbé owó wúrà kan sí i látẹ́lẹwọ́. Kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù lọ. Orí ọba kan wà ní ìhà kan. Ní ìhà kejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan kọjú síra wọn bí ẹni ń jà sí owó ọjà, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lókè orí wọn.

Bàbá náà ṣàlàyé fún un. Ọba náà kì í ṣe ọmọ bíbí inú ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀, wọ́n gbà á ṣọmọ ni. Àwọn kan sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé irọ́ ni, pé wọn kò gbà á ṣọmọ rárá, ìyàwó ọba ló sáré dọ́gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ọba ń kú lọ. Nígbà tí ó ti pẹ́ lórí oyè, ó ní kí wọ́n rọ owó wúrà, ojú òun níhìn-ín, ojú bàbá àti ìyá lọ́hùn-ún, kí gbogbo ayé mọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe.

Ibi tí bàbá ti ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ìràwọ̀ ni awakọ̀ tó fẹ́ gbé fìríìjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè nísàlẹ̀, ó ń kígbe pé kí ó yára: "Yalla! Yalla!" Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Bàbá fún un ní fótókọ́pì owó náà láti inú ìwé kan, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé fìríìjì sórí ọkọ̀, ó wá sílé.

Bí ó ṣe wọlé, kò kí mi. "Àbúrò mi, ọba Róòmù kan wà, Yorùbá ni."

Mo ní, "Ṣé oòrùn ti pa ọ́?"

Ó ní kí n ronú sí i. Ta ló tún ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe àwa? Nígbà tí bàbá wa kú, orí wọn ni a tẹ̀ sára ife. Nígbà tí ọdún kan pé, orí wọn ni a tẹ̀ sára kàlẹ́ńdà àti abẹ̀bẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ sára abọ́ ike, títí di òní yìí, bí ẹ bá jẹ ẹ̀wà tán nílé rẹ̀, bàbá wa á máa rẹ́rìn-ín sí yín láti ìsàlẹ̀ abọ́. Gbogbo ọmọ ló ti tẹ nǹkan àfi òun. Òun á wá tẹ tiwọn sára wúrà. Ta ló máa sọ lẹ́yìn ìyẹn pé òun kì í ṣe ọmọ? Ojú rẹ̀ ń dán bí ó ṣe ń sọ ọ́. Inú mi bà jẹ́ fún un, ni mo bá ní ó dára.

Àwòrán ló kọ́kọ́ gbà wá lásìkò. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ojú ni ọba Róòmù fi síta, ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ojú síta. A wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kọjá sí Bur Dubai, a lọ bá ayàwòrán kan níbẹ̀. Ọkùnrin náà bi í léèrè bóyá ti páásípọ́ọ̀tù ni tàbí ti visa. Ẹ̀gbọ́n mi dé fìlà abetí-ajá rẹ̀, ó yí ọrùn, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní, "Ti ọba." Ayàwòrán náà wò mí. Mo wo òrùlé.

Ti bàbá wa kò rọrùn. Àwòrán kan ṣoṣo tí a ní lọ́dọ̀ kọjú síwájú gbọnrangandan. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ wúrà tí a gbé iṣẹ́ fún ní Deira, ará Íńdíà kan tó ń fi ẹ̀rín dáhùn ohun gbogbo, ní, "No problem, bhai. Front give me, side I make." Ti màmá wa, èmi ni mo mú un wá, èyí tí wọ́n yà pẹ̀lú gèlè ní ọdún tí àbúrò wa gboyè. A kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú fótókọ́pì ọba Róòmù. Ẹ̀gbọ́n mi tẹnu mọ́ ọn pé kí ó má yọ nǹkan kan kúrò nínú ètò ti Róòmù. "Same same," ó ń sọ. "Star, everything, same same."

Màmá dé kí wúrà tó jáde. Bí wọ́n ṣe rí wa ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n wá bojú wo ẹ̀yìn mi níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ dídán, tí àwọn Lárúbáwá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní, "Sọ fún ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn pé kí ó dìde, ó ń dí ọ̀nà."

Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn lójoojúmọ́. Yàrá kékeré ni a jókòó sí, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, síbẹ̀ èmi ni tẹlifóònù wọn.

"Bi í bóyá òun ló se ọbẹ̀ yìí."

"Màámi, èmi ni mo sè é."

"Sọ fún un pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

"Màmá ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

"Bá mi bẹ màmá."

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́."

Ọrùn mi ń dùn mí. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bí wúrà yẹn kò bá tètè jáde, èmi náà kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé náà.

Wúrà jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án. Mo fẹ́ sọ òótọ́: ó rẹwà. Fìlà ẹ̀gbọ́n mi jáde bí sàmósà tí wọ́n gbé lé e lórí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni. Màmá wa sì jáde ketekete, gèlè wọn dúró bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e. Ìràwọ̀ mọ́ orí bàbá, ìràwọ̀ mọ́ orí màmá, igun mẹ́fà mẹ́fà. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni imú. Alágbẹ̀dẹ kò rí ẹ̀gbẹ́ imú bàbá wa níbikíbi, ó sì ti yá imú ọba Róòmù fún wọn. Bàbá wa, tí imú wọn fẹ̀ tí ó sì sinmi dáadáa sójú wọn nígbà ayé wọn, ti wá ní imú bí ìkọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò rí ìyàtọ̀.

Ó ní kí a kọ́kọ́ lọ fi han bàbá arúgbó ní Al Majaz, kí ó lè rí i pé àwa náà mọ nǹkan. Bàbá fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó gba owó náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní ó dára, ó dára. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa pé kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ àwọn méjèèjì.

Mo ní, "Àwọn méjèèjì wo?"

Ó ní bàbá wa àti ìyá wa.

Mo ní ìyá wa wà ní Hor Al Anz, wọ́n ń jẹ iṣu sísè.

Bàbá wo owó náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, mo ní láti bu omi fún un. Nígbà tí ó rí èémí mú, ó sọ ohun tí fèrè ọkọ̀ kò jẹ́ kí ó sọ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará Róòmù kì í fi ìràwọ̀ sórí alààyè bẹ́ẹ̀. Òkú ni. Bí ọba tàbí ìyàwó rẹ̀ bá kú, àwọn ìjòyè á pàdé, wọ́n á kéde pé ó ti di òrìṣà, pé ó ti gòkè re ọ̀run. Nígbà náà ni ìràwọ̀ á wọ inú ọ̀rọ̀. Owó tí ọba náà rọ, ti bàbá àti ìyá tó ti kú tí wọ́n ń bọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí ìwé. Ó ní, "Mo ti pa màmá."

"O tún sọ wọ́n di òrìṣà," mo ní, "ìwọ ọmọ Ìyá Ìjọ."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé Yorùbá, ẹ mọ ìdí tí ara mi fi tutù. Ẹni tí ẹ bá tẹ orí rẹ̀ mọ́ ti òkú, ẹ ti rán an tẹ̀lé e. Ìyá tó ti ń bínú tẹ́lẹ̀ nítorí òkú kan, ẹ wá gbé òkú tirẹ̀ lé e lọ́wọ́! A fẹ́rẹ̀ẹ́ fò padà sí Deira. Alágbẹ̀dẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ìka tọ́ka sí orí màmá, mo ní kí ó yọ ìràwọ̀ yìí kúrò kíá, habibi, màmá wa kò tíì kú. Ó ní, "Mama no die? Very good, sister! No problem." Ó mú ayùn kékeré, ó ń ha á. Ó béèrè bóyá kí òun yọ ti bàbá pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi ronú, ó ní kí ó fi sílẹ̀, pé ìyẹn ti kú ní tòótọ́. "Khalas," ni alágbẹ̀dẹ wí, pé ó ti parí. Ìràwọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó fi ihò sílẹ̀ lókè gèlè màmá wa, bí ibi tí ẹnìkan ti fi ehín dán wúrà wò.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a gbé e fún wọn, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, nítorí Jímọ̀ ni onígbàgbọ́ ń jọ́sìn ní Dubai. Ẹ̀gbọ́n mi wọ agbádá nínú yàrá tí a kò ti lè na apá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé páálí kékeré náà fún mi, èmi gbé e fún màmá, bí ètò ilé náà ṣe wà.

Wọ́n ṣí i. Wọ́n wo ìhà ti ẹ̀gbọ́n mi.

"Bi í léèrè kí ni ó gbé sórí."

"Fìlà ni, màámi."

Wọ́n yí i padà. Mo rí i pé wọ́n dá ara wọn mọ̀, mo sì rí i pé ẹnu wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá sún mọ́ fèrèsé.

"Ta ni mo kọjú sí yìí?"

"Bàbá ni."

"Bàbá wo? Bi í, imú ta ló wà lójú ọkọ mi?"

Mo ní alágbẹ̀dẹ ló ṣì í ṣe. Wọ́n fi èékánná kan ihò orí gèlè wọn.

"Kí ló wà níbí tí wọ́n yọ kúrò?"

Mo ti ní irọ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Kókó gèlè ni, màámi, ó..."

"Ìràwọ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi dá mi lẹ́nu. Kò gbójú sókè. "Ìràwọ̀ ni, màámi. Òkú ni wọ́n ń fi í fún. Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo mọ̀, mo ní kí wọ́n ha á kúrò. Ti bàbá ló kù, torí pé... torí pé àwọn kú. Bàbá kú, mi ò sì wá."

Èrò tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n á ní kí n bá wọn wá tíkẹ́ẹ̀tì Èkó lọ́la. Màmá wo wúrà, wọ́n wo ihò, wọ́n wo ọmọ wọn nínú agbádá rẹ̀ tó fẹ̀ kún yàrá. Lójijì wọ́n pariwo.

"Ìwọ! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá? Bàbá ẹ kú, o ò wá. Èmi ò kú, o ti sìnkú mi tán, o sì tún ti hú mi padà!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kàn jáde ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dojú bolẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì.

"Màámi," ó ní, "ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀! Mò ń bú ẹ ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bú mi."

Wọ́n bú u. Wọ́n bú u fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, láti orí fìlà dé orí imú, wọ́n bú ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n bú fìríìjì. Ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, màámi" sí gbogbo rẹ̀, omi ojú ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ nǹkan kan fún ẹnìkan. Nígbà tí ó rẹ màmá, wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ kan orí rẹ̀ níbi tó dojú bolẹ̀ sí.

"Gbọ́," wọ́n ní. "Èmi ò fẹ́ ìràwọ̀. Tí wọ́n bá ní ara mi ò yá, wá."

Ó wá. Ìṣòro tó tún kù nìyẹn, nítorí kò mọ ìwọ̀n. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní màmá sín, á pa fìríìjì tì, á wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sáré délé pẹ̀lú agbádá dúdú nínú báàgì, màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń lé ewúrẹ́. Ìgbà kejì, ehín ló ń dùn wọ́n. Ìgbà kẹta, wọ́n kọ̀wé sí mi pé kí n bá àwọn bẹ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń wo àwọn bí ẹni tó ń retí nǹkan. Èmi náà bú u. Mo ní kí ó fara balẹ̀, pé aláàárẹ̀ kọ́ ni gbogbo ẹni tó bá húkọ́, mo sì ń ta bàtà mi lọ.

Ìgbà kẹrin, mo ní ìba lásán ni, mo ní kí n kọ́kọ́ kó bàtà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sínú àpótí. Òun ti lọ. Òun ló jókòó ti màmá wa tí ó di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi dákẹ́. Ọjọ́ kejì ni èmi dé.